Da Epo Sí I: Ìlànà fún Òmùgọ̀ tó Fẹ́ Tún Ṣọ́tà Kámẹ́rà Ṣe

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, rí i dájú pé o ò mọ ohun tó ń ṣe kámẹ́rà náà. Ìmọ̀ ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ ibi tí àìsàn wà á máa rọra, á máa wo ọ̀tún wo òsì, á máa béèrè pé irú oògùn wo, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Ìwọ ò ráyè ìyẹn. Ọ̀la ni ọdún Ọlọ́jọ́ ní Ifẹ̀. Ọ̀ọ̀ni máa dé Adé Ààrẹ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń jáde, wọ́n máa lọ sí Òkè Mògún, Ẹnuwá á kún bámú, gbogbo èrò á na fóònù sókè, ìwọ nìkan lo máa gbé Yashica bàbá rẹ àgbà kọ́rùn bí ẹni tó mọ ohun tí ayé ò mọ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Nígbà tí o tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ àná, ó dún "kẹ́", ó ṣí, kò sì padé. O gbọ̀n ọ́n, ó padé. Nítorí náà ara rẹ̀ ti ń yá. Epo ló kù kí o dà sí i.

Irú kámẹ́rà yìí ni ọ̀pọ̀ ayafọ́tò wa fi jẹun. Japan ni wọ́n ti ń ṣe é. Yashica-Mat àkọ́kọ́ jáde ní 1957. Èyí tí wọ́n ń pè ní 124G ni wọ́n ṣe kẹ́yìn, títí di 1986. Ojú méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ayafọ́tò á gbé e sí ọ̀gangan ikùn, á tẹrí ba wò ó láti òkè, á fi ọwọ́ ọ̀tún yí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fíìmù á sún, ṣọ́tà á sì wà ní sẹpẹ́. Fíìmù 120 kan, fọ́tò 12. Àwọn àgbà tó wà lára ògiri pálọ̀ yín, tí wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, tí ojú wọn le koko, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú kámẹ́rà yìí ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀. Ojú òkè ni ayafọ́tò fi ń wo èèyàn. Ojú ìsàlẹ̀ ni fíìmù ń gbà ríran, ibẹ̀ sì ni ṣọ́tà wà. Ìwọ, ojú òkè ni kí o kọ́kọ́ tú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó bàjẹ́, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Má béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n wọn ò sọ bó ṣe máa ń pẹ́ lọ́nà tó. Àwọn ayafọ́tò àtijọ́ ṣì wà nígboro Ifẹ̀, ní Lágere, ní Sábó, àti ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ lọ́hùn-ún, tí fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí ọwọ́ wọn ò sì tíì gbàgbé. Tí o bá lọ bá wọn, wọ́n á sọ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, o mọ̀ pé kò lè dáa.

Ẹni tí o gbọ́dọ̀ sá fún jù lọ ni baba tó ń tún aago ṣe lábẹ́ agboòrùn nítòsí ọjà. Tí o bá ṣèèṣì yà lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, epo wo ni wọ́n ń dà sí ṣọ́tà kámẹ́rà?"

"Ta ló ní kí wọ́n da epo sí i?"

"Kò yára mọ́ ni, sà."

"Epo ni kò jẹ́ kó yára. Gbé e wá kí n wò ó, ọmọ mi."

Á ki awò kan bọ ojú ọ̀tún, á di ojú òsì. Inú àpótí onígíláàsì tó wà níwájú rẹ̀ ni ìgò epo aago wà, ìgò tí kò tó àtàǹpàkò. Kò ní dà á. Á ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, á fà á yọ, á fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan ìdí kẹ̀kẹ́ kan tí ìwọ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, epo tó sì kúrò lẹ́nu abẹ́rẹ́ ò ní tó ohun tí ojú lásán lè rí. Lẹ́yìn náà á nu abẹ́rẹ́ sára ṣòkòtò. "Ibí yìí nìkan," ni ó máa wí. "Àwọn ewé yẹn, gbígbẹ ni wọ́n ń fẹ́." Ahun gbáà! Ẹni tí gbogbo epo tó ní láyé ò kún ìgò àtàǹpàkò, kí ló lè kọ́ ọ nípa epo? Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gba kámẹ́rà rẹ, kọrí sílé.

Àlàyé tó kàn yìí, fò ó. Àwọn tí kò fẹ́ ba nǹkan wọn jẹ́ ni mo kọ ọ́ fún.

Ṣọ́tà ni ó ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó lórí fíìmù. Ti Yashica jẹ́ ewé irin márùn-ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n gun ara wọn lẹ́yìn láàárín àwọn gíláàsì lẹ́ńsì. Òrùka kan yí wọn ká. Tí òrùka náà bá yí díẹ̀, gbogbo ewé á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá padà, wọ́n á padé. Sípíríǹgì ló ń tì í. Tí o bá yí i sí 500, ìyẹn ìdá kan nínú ìdá 500 ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí ohun tó ń dá sípíríǹgì dúró, ó ń ṣe é bó ṣe lágbára tó. Ṣùgbọ́n tí o bá yí i sí 30, tàbí 8, tàbí 1, òrùka á kọ́kọ́ lọ bá àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín wẹ́wẹ́ kan, á máa tì wọ́n yí, ìgbà tí wọ́n bá yí tán ni wọ́n tó máa yọ̀ǹda pé kí ewé padé. Ariwo "gbrrr" tí ò ń gbọ́ nígbà tí o bá fi í sí 1, ohùn àwọn kẹ̀kẹ́ yẹn ni. Ní 1912 ni ilé iṣẹ́ Friedrich Deckel ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, gbé irú rẹ̀ jáde nínú ṣọ́tà tí wọ́n pè ní Compur. Èyí tí wọ́n ń ṣe ṣáájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú páìpù kékeré kan ló ń fà á sẹ́yìn. Ṣọ́tà Copal tó wà nínú Yashica, ọ̀nà Compur ló tọ̀.

Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló ní wàhálà tó báyìí. J. D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, tó sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ẹ̀, Brownie D ló kọ́kọ́ rà, ní 1950. Nínú Brownie, sípíríǹgì kan àti àwo irin kan tó ń yí ni ṣọ́tà, ó parí. Irú ìyẹn ṣòro fún òmùgọ̀ láti bà jẹ́, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń ṣe ti bàbá rẹ àgbà ò lójú rárá. Gíríìsì tí ilé iṣẹ́ fi sí i láti Japan ti gbẹ níbì kan, ó ti yọ́ níbòmíràn, èyí tó yọ́ sì ti rìn dé orí ewé. Ooru inú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé yín ní Ìrẹ̀mọ, láti ọdún gbọ́nhan, ló ràn án lọ́wọ́. Ewé méjì tí epo bá wọ àárín wọn á lẹ̀ mọ́ra bí owó bébà tí òjò pa nínú àpò. Sípíríǹgì tó sì ń fà wọ́n ò lágbára. Kí ewé gbígbẹ máa yọ̀ lórí ewé gbígbẹ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, wọn ò ṣe é fún ìjàkadì. Tí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, gíríìsì á tún le sí i, ṣọ́tà á lọ́ra. Tó bá dọ̀sán, oòrùn á rọ̀ ọ́, ṣọ́tà á máa ṣe dáadáa, ìwọ á sì máa rò pé àdúrà rẹ ti gbà.

Ó yá, òmùgọ̀ mi, padà wá.

Orí rọ́ọ̀gì ni kí o jókòó sí, èyí tó nípọn, tó ní òdòdó púpọ̀ lára. Tan fáànù dé márùn-ún. Jẹ́ kí àwọn ọmọdé sún mọ́ ọ dáadáa kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́. Irinṣẹ́ tí o nílò ni ọ̀bẹ tí ìyá rẹ fi ń gé àlùbọ́sà, sikurudíráfà tí wọ́n fi ń tú jẹnẹrétọ̀, àti eyín ẹnu rẹ. Súkúrúù Japan jọ èyí tó ní àgbélébùú lórí tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n ihò orí rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀; ó ní sikurudíráfà tirẹ̀, JIS ni wọ́n ń kọ sí i lára. Èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ á máa yọ̀ nínú ihò náà títí orí súkúrúù á fi jẹ rúmúrúmú. Ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn. Súkúrúù tí orí rẹ̀ ti jẹ dára ju àgádágodo lọ: kò sẹ́ni tó máa lè dé inú kámẹ́rà rẹ mọ́ láéláé, olè, ọ̀rẹ́, tàbí ẹni tó mọṣẹ́.

Awọ dúdú tó bo iwájú ni o máa kọ́kọ́ ṣí, torí abẹ́ rẹ̀ ni súkúrúù sá sí. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi sípíríìtì díẹ̀ rọ gọ́ọ̀mù rẹ̀, á rọra gbé e láti etí. Ìwọ, fà á ya. Ẹni tó mọṣẹ́ á tún wá páálí ẹyin, á máa kó súkúrúù tó bá tú ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀, ní títò-tẹ̀léra, torí gígùn wọn ò dọ́gba. Á sì máa fi fóònù ya ibi tó bá dé kó tó yọ ohun tó kàn. Ìwọ ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ sọ fún ará àdúgbò pé fóònù kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ya fọ́tò. Dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Kó gbogbo súkúrúù sínú ife kan, kí o gbé ife náà síbi tí ẹsẹ̀ lè dé.

Láìpẹ́ wàá gbọ́ "pín". Sípíríǹgì nìyẹn. O ò ní rí i. Gbígbọ́ nìkan lo máa gbọ́ ọ. Á gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ kọjá, á bọ́ sínú òdòdó rọ́ọ̀gì. Rán àwọn ọmọ kí wọ́n wá a. Wọ́n á rí bíńtín irin mẹ́ta, ọ̀kan nínú ẹ̀ á jẹ́ ti báírò. Èyí tó bá wọlé nínú wọn ni kí o fi sí i.

Epo wá kù. Níbí ni òmùgọ̀ pọ́ńbélé ti ń yàtọ̀ sí òmùgọ̀ ọ̀sán gangan, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Irin ni kámẹ́rà, Ògún ló ni irin, Ògún sì ń jẹ epo. Ògún Ládìn wà láàfin Ifẹ̀ títí di òní, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jiyàn. Epo pupa ni ìṣẹ̀ṣe fọwọ́ sí. Àdí ń kọ́? Kò burú, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti epo ẹ́ńjìnnì, àmọ́ Èṣù ò fẹ́ rí i sójú. Tí iṣẹ́ rẹ bá dojú rú lẹ́yìn náà, ó kéré tán wàá mọ ẹni tó ń bá ọ jà. Òróró tí wọ́n fi dín dòdò láàárọ̀ ti gbóná rí, ó ti nírìírí. Òrí ni àwọn ìyá àgbà fi ń pa ọmọ tí orúnkún rẹ̀ bá ń dún, ṣọ́tà rẹ náà sì ń dún. Epo maṣíìnì ti télọ̀ dára púpọ̀ fún maṣíìnì télọ̀. Ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé, tàbí tó kàwé nílé ẹ̀kọ́ gíga tó wà lẹ́yìn ìlú, WD-40 ló máa ń gbé jáde, agolo búlúù àti yẹ́lò. 1953 ni wọ́n pò ó ní Amẹ́ríkà láti máa fi lé omi kúrò lára irin. Ó ní páìpù pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè débi gbogbo, òun náà sì ń ba ibi gbogbo tó bá dé jẹ́: omi inú rẹ̀ á fẹ́ lọ, epo rẹ̀ á jókòó sórí ewé, sórí gíláàsì, sórí àwọn ewé kejì tó ń dín ihò ìmọ́lẹ̀ kù. Gbogbo àwọn epo wọ̀nyí ló ní orúkọ rere níbi tí wọ́n ti wá. Má ṣe ojúsàájú, pò wọ́n pọ̀.

Dà á. Má fi abẹ́rẹ́ kàn án bí ahun ọjọ́ yẹn. Gbé ojú lẹ́ńsì sókè, kí o dà á títí yóò fi ṣàn gba ẹ̀yìn. Ohun ìyanu kan á sì ṣẹlẹ̀: ṣọ́tà á yára! Epo tuntun ti po ti àtijọ́, gbogbo wọn ń yọ̀ nínú ara wọn. "Kẹ́, kẹ́, kẹ́." Pe ìyàwó rẹ wá wò ó. Ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn tó ní o ò lè ṣe é. Ṣe é kíá, torí kó tó di àárọ̀ ọ̀la, omi inú epo yẹn á ti gbẹ, eruku á ti bá a pò, ewé márààrún á ti di ẹyọ kan.

Jẹ́ kí n yà lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún díẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ṣáà ni. Ní 1975, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá síbẹ̀ láti wo bí àwọn ayafọ́tò Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Lára ohun tó rí ni fọ́tò ìbejì. Tí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayafọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, Táyé àti Kẹ́hìndé á sì jókòó ti ara wọn. Tí èyí tó kú bá jẹ́ obìnrin, tí èyí tó kù jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á yà á nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kejì, ayafọ́tò á wá so méjèèjì pọ̀ nínú dáákúrúùmù débi tí ojú ò ní rí ojú-oríkèé rẹ̀.

Wá wò ó pé ṣọ́tà irú ayafọ́tò bẹ́ẹ̀ jẹ́ tìrẹ. Ìgbà àkọ́kọ́, ó fi sí 60, ó ṣí ní 60. Ìgbà kejì, ó fi sí 60, ewé lẹ̀, ó ṣí fún àkókò tó tọ́ sí 15, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé di ìlọ́po mẹ́rin. Nẹ́gẹ́tíìfù kejì á dúdú ju àkọ́kọ́ lọ, fọ́tò tó bá ti ibẹ̀ jáde á sì funfun. Ọwọ́ tó mọ dáákúrúùmù lè tọ́jú ìyẹn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ò lè dúró ṣinṣin fún ìgbà tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á ti fà, ìyẹn ò sì ní oògùn. Ìyá tó sanwó kó lè rí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i á rí Táyé tó mú ṣáká, á wá rí Kẹ́hìndé tó dà bí ẹni tó tún ti ń padà lọ. Nígbà tí àwọn kan bá ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ìyára ṣọ́tà, ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ràn irin ni, ìyá yẹn ni mo máa ń rò.

Ìwọ ò ní wàhálà ìyá kankan, èrò Ọlọ́jọ́ lo fẹ́ yà. Èrò tó ń rìn, tó ń jó, tó ń sáré gba ẹ̀yìn ara wọn. Ní 250 wàá rí ojú kálukú. Ní 15 tó pe ara rẹ̀ ní 250, wàá rí ìkùukùu aláṣọ funfun. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ọnà ni. Sọ pé Rótìmí Fani-Kayode, ayafọ́tò tó jẹ́ ọmọ Balógun Ifẹ̀, náà ń ya irú ẹ̀. Ó ti kú ní London láti 1989, kò ní wá já ọ nírọ́. Kí àwọn tó ti rí iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n mọ bó ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ kó tó tẹ kámẹ́rà, má sáà wà nítòsí.

Mo fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń fọ ṣọ́tà ni epo láítà, irú èyí tó wà fún láítà onírin tí wọ́n ń rọ epo sí. Ó ń gbẹ kíá, kì í ṣẹ́kù. Wọ́n á tú gíláàsì iwájú kúrò, wọ́n á yí ṣọ́tà sí B, èyí tó máa ṣí níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Wọ́n á fi òwú ìro-etí kan epo náà, kó tutù ni, kó má rin, wọ́n á nu ewé nígbà tó padé, wọ́n á nu etí rẹ̀ nígbà tó ṣí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ léraléra, wọ́n á ju òwú yẹn nù, wọ́n á mú òmíràn. Òwú á máa dúdú, lẹ́yìn náà á máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà á funfun. Wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí gíríìsì tó ti yọ́ máa ń tún padà rìn wá láti abẹ́, wọ́n á sì tún un nù. Ojú fèrèsé ṣíṣí ni wọ́n ti ń ṣe é, láìsí àbẹ́là, láìsí kọ́ìlì ẹ̀fọn, láìsí sìgá. Mo ti gbọ́ kí èèyàn sọ pé òun máa fi bẹntiróòlù ṣe é nínú yàrá nígbà tí iná lọ, pẹ̀lú àtùpà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Má dán an wò. Yàtọ̀ sí pé ó lè jó ilé, bẹntiróòlù ní àwọn nǹkan mìíràn nínú tó ń ṣẹ́kù sórí irin. Kẹrosíìnì burú jù ú lọ ní ti ṣọ́tà, ọ̀rá ló máa fi sílẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ti dé. Kẹrosíìnì ni kí o lò. Ó ń fọ sítóófù, kí ló dé tí kò ní fọ kámẹ́rà?

Nípa dídán an wò: má dán an wò. Tí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ní ọ̀sán, kí oòrùn pa á dáadáa, kí o tó tẹ̀ ẹ́. 500 nìkan ni kí o fi dán an wò, torí kò sí etí tó lè mọ̀yàtọ̀ láàárín 500 àti 250, nítorí náà gbogbo ohun tó bá dún ló dáa. Àwọn onísùúrù máa ń gbé fóònù tì í, wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1, ní 2, ní 4, ní 8, wọ́n á wá wo bí ariwo ṣíṣí ṣe jìnnà sí ti pípadé tó lójú fóònù. Ó máa ń péye dé bíi 30. Èyí tó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ohùn. Kí ni ìwọ fẹ́ fi 1 ṣe? Ta ló ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan ní Ifẹ̀?

Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì tí wọ́n kọ M, X àti V sí. M wà fún gílóòbù fíláàsì ayé àtijọ́, X wà fún fíláàsì tòní, V ń jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ kó tó yà, kí ayafọ́tò lè sáré wọnú fọ́tò. V náà ní kẹ̀kẹ́ eléyín tirẹ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ há nínú kámẹ́rà tó ti pẹ́. Gbogbo ẹni tó ní irú kámẹ́rà yìí ló mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan V. Ibẹ̀ ni kí o yí i sí. Tó bá dúró lágbedeméjì, fi agbára tì í.

Dídì í padà kò gba àkókò. Lábẹ́ òrùka tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìyára sí, àwo kan wà tó ní ojú-ihò wíwọ́, àwọn ìṣó tín-ín-rín ti kẹ̀kẹ́ eléyín sì gbọ́dọ̀ wọ ojú-ihò wọ̀nyẹn kí gbogbo ẹ̀ tó jókòó. Tí kò bá jókòó, ìdí òòlù ń bẹ. Súkúrúù mẹ́fà ni o tú lójú, mẹ́fà ni o dì, o wá wo inú ife, méje ló ṣì wà níbẹ̀. Má bẹ̀rù. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ awọ iwájú padà pẹ̀lú súpágúlúù, títí dé orí súkúrúù, kí ó lè dúró.

Wá gbé e sínú ọ̀rá dúdú, dì í pinpin, kí o tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Olú wẹ́wẹ́ á hù lórí gíláàsì, á tàn bí gbòǹgbò, á sì jẹ ojú gíláàsì náà tí àmì rẹ̀ ò ní lọ mọ́ kódà bí wọ́n bá nu olú náà kúrò. Àwọn tó fẹ́ kí kámẹ́rà wọn pẹ́ máa ń gbé e síta gbangba, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ lóòrèkóòrè láìsí fíìmù, torí àìlò náà ń pa ṣọ́tà. Ìwọ ti ṣe gbogbo èyí tó lè pa á, o ò nílò àfikún.

Nígbà tó bá yá, wàá gbé e lọ bá ẹni tó mọṣẹ́. Kó àwọn súkúrúù méje náà lọ, má sọ ibi tí o ti rí wọn. Tó bá ṣí i, tí òórùn dòdò jáde, wo òkè. "Bí mo ṣe bá a nìyẹn, sà. Mi ò fọwọ́ kàn án rárá." Á wo ọwọ́ rẹ. Á wo awọ tó ya. Á bi ọ́ pé, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ tú u?" Ní, "Àbúrò mi ni." Gbogbo òmùgọ̀ ló ní àbúrò. Tó bá dá iye lé e, bínú. Sọ fún un pé tìrẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí o tó gbé e wá, ibi kékeré ló kù, kò yẹ kó gbowó gbogbo rẹ̀.

Tó bá kọ̀, ra òmíràn. Pentax K1000 ṣì ń kọjá lọ́jà àlòkù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 1976 sí 1997 ni wọ́n fi ṣe é, 1000 tó sì wà lórúkọ rẹ̀ ni ìyára tó ga jù tí ṣọ́tà rẹ̀ lè ṣe. Kò ní ewé irin. Aṣọ méjì ni ṣọ́tà tirẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ lójú, wọ́n ń sáré tẹ̀lé ara wọn lọ níwájú fíìmù, àyè tó wà láàárín wọn ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Tí o bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wàá rí i kedere, dúdú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti ní eruku díẹ̀ lára. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ìka kàn án. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ní ojú, o sì ti rí i pé aṣọ ni. Po ọṣẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Fọ̀ ọ́ dáadáa, sá a sí oòrùn, kí o tó lọ̀ ọ́. Má gbàgbé sítáàṣì.